Ọmọ Tábìlì Ìjàpá

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin Abbey Wood nílùú òyìnbó yìí lónìí, tí ẹ ń gba Harrow Manorway kọjá pẹ̀lú kọfí lọ́wọ́ kan àti fóònù lọ́wọ́ kejì, ẹ lè má gbà mí gbọ́ tí mo bá sọ pé ìjọ wa wà nítòsí ibẹ̀ rí. Ilé gogoro tí ẹ ń wò yẹn kọ́ o. Ilé ìkẹ́rùsí ni, páànù ni òrùlé rẹ̀. Àwọn tó ń tún mọ́tò ṣe wà lápá ọ̀tún wa, àwọn tó ń ta táìsì ilẹ̀ wà lápá òsì. Tí a bá lu agogo ìsìn, mẹkáníìkì ọ̀tún á fi òòlù lu irin, á dá a lóhùn. Wòlíì wa sọ nígbà kan pé ọkùnrin náà ti di ọmọ ẹgbẹ́ akọrin láì tíì ṣèrìbọmi.

Ìró Sátidé àwọn ọdún yẹn ṣì wà létí mi. Tí mo bá jáde nílé ní Woolwich láàárọ̀, mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin àwọn ọmọ ogun nítòsí bárékè tó kọjú sí pápá Common, kò-kò-kò lórí ọ̀dà, ara ẹṣin ń dán ju bàtà ìyàwó tuntun lọ. Lẹ́yìn náà ni fèrè ọkọ̀ ojú omi tó ń kó mọ́tò sọdá Thames. Tí mo bá wá dé ìjọ, ìró bàtà àwọn ọmọdé tó ń já lulẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni, nítorí àwa aláṣọ funfun kì í wọ bàtà wọ ilé Ọlọ́run. Bàtà á kún ẹnu ọ̀nà bí ẹja lórí àtẹ. Alàgbà kan wọ ọ̀kan dúdú, ọ̀kan pupa kúrò níbẹ̀ rí. Ó ní òun mọ̀ kí òun tó dé ibi iṣẹ́, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì ti gbéra.

Ohun tó ń kó àwọn ọmọ jọ ní Sátidé ni lẹ́sìnnì. Wọ́n á kọ́kọ́ gbàdúrà nínú ìjọ, wọ́n á tún bàtà wọ̀, wọ́n á wá sí yàrá ẹ̀yìn tí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́. Alàgbà kan tó ti kọ́ ọmọ ní físíìsì ní Iléṣà kó tó wá máa wa bọ́ọ̀sì níbí ló ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Èmi ń kọ́ wọn ní àròkọ. Àwọn ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé, tí aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn wọn, á jókòó sẹ́yìn láti wo ọmọ wọn, wọ́n á sì sùn lọ kí a tó ṣí ìwé. Híhan orun wọn la fi ń ka táìmùsì inú ìṣirò.

Lónìí, inú fóònù ni lẹ́sìnnì wà. Tísà wà ní Manchester, ọmọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ìyá kò mọ̀ bóyá ìṣirò ni ọmọ ń ṣe tàbí ó ń yìnbọn pa ènìyàn nínú gémù. N kò sọ pé kò dára o. Mo kàn sọ pé kò sẹ́ni tó ń han orun níbẹ̀.

Iṣẹ́ ìròyìn ni mo fi ìgbà ọ̀dọ́ mi ṣe ní Ìbàdàn kí n tó tẹ̀lé àwọn ọmọ mi wá síbí. Ó ti di àrùn sí mi lára: tí ẹnìkan bá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde gan-an ni mo máa ń fẹ́, n kì í fẹ́ àlàyé. Nítorí náà, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni màá ṣe sọ ọ́.

Obìnrin kan wà nínú ìjọ wa nígbà náà tí à ń pè ní Mummy Fèyí. Morris Walk ló ń gbé, nígbà tí àwọn ilé ìjọba ibẹ̀ ṣì wà lóròó, kí wọ́n tó wó wọn. Ó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Plumstead, ó sì máa ń rìn bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fẹ́ fi sílẹ̀, kódà nínú ìjọ. Ọmọ kan ṣoṣo ló ní, Fèyíṣayọ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọmọ náà dákẹ́ bí ìkòkò tí wọ́n bò.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, Mummy Fèyí jáde láti dúpẹ́. Ó gbé búrẹ́dì àti èso dání, ó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ bá mi yin Olúwa," ó ní. "Wọ́n ti pín àwọn ọmọ kíláàsì Fèyí sí tábìlì tábìlì. Àwọn kan wà ní tábìlì Idì."

"Ó dáa," ìjọ dáhùn.

"Àwọn kan wà ní tábìlì Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀."

"Ó dáa náà."

"Àwọn kan, kí Ọlọ́run ṣàánú wọn, tábìlì Ehoro ni wọ́n fi wọ́n sí."

"Ẹ̀yà!" Ìyá Ìjọ, obìnrin tó dàgbà jù nínú wa, mi orí. Ehoro, ẹran ọbẹ̀ lásán.

"Ṣùgbọ́n ọmọ tèmi," Mummy Fèyí fò sókè, "tábìlì Ìjàpá ló wà!"

Ìjọ hó yèè. Ta ni kò mọ Ìjàpá nínú wa? Ẹni tó tan Erin wọ̀lú! Ẹni tí gbogbo ẹranko inú igbó kò rí ọgbọ́n dá sí! Wòlíì gbé ọwọ́ lé ọmọ náà lórí. Ọkùnrin tó lóhùn ni Wòlíì wa, ọkọ̀ bọ́ọ̀sì ló ń wà láàárín ọ̀sẹ̀, tó bá sì ń gbàdúrà, bí ẹni tó ń pe èrò tó wà ní ìsàlẹ̀ àtòkè bọ́ọ̀sì papọ̀ ni.

"Ọmọ yìí kò ní kúrò ní tábìlì Ìjàpá!" ó ní.

"Àmín!"

"Kò sí àjẹ́, kò sí oṣó, kò sí tísà tó máa lé e kúrò níbẹ̀ títí ayé!"

"Àmíííín!"

Ẹ rántí àdúrà yẹn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ilé ìwé pe ìpàdé òbí. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, Mummy Fèyí wọlé sí yàrá lẹ́sìnnì, bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀ wọ ihò tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Daddy, tábìlì Ìjàpá yẹn kì í ṣe ohun tí a rò o."

"Báwo?"

"Lọ́dọ̀ tiwọn, Ìjàpá ò gbọ́n. Ó kàn ń falẹ̀ ni."

Mo ti rí ìròyìn burúkú púpọ̀ láyé mi, ṣùgbọ́n n kò rò ó rí pé Ìjàpá lè di ẹni tó gọ̀ nítorí pé ó sọdá òkun.

"Àwọn tó mọ̀wé jù ló wà ní Idì," ó ní. "Àwọn tó kù díẹ̀ káàtó wà ní Ehoro. Fèyí mi wà lẹ́yìn Ehoro, Daddy! Lẹ́yìn Ehoro! Èmi sì gbé búrẹ́dì wá dúpẹ́!"

Ó wá sọ ohun tí tísà sọ. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni tísà náà, ó ní ìwà pẹ̀lẹ́, kò sì sọ̀rọ̀ ọmọ náà láìdáa. Ó ní Fèyí dára, ó mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè, ilẹ̀ ló máa ń wò. Kì í na ọwọ́ sókè, kì í bá wọn dá sí ọ̀rọ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fún un ní iṣẹ́ tó rọrùn, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Èyí tó wá dun ìyá ọmọ jù ni pé ilé ìwé fẹ́ dá kíláàsì ìṣirò kan sílẹ̀ fún àwọn tó máa ṣe ìdánwò wọ ilé ìwé girama tó dára, kò sì sí ọmọ tábìlì Ìjàpá kankan nínú rẹ̀. Mummy Fèyí bẹ̀bẹ̀ títí tísà fi gbà pé ọ̀gá ilé ìwé fúnra rẹ̀ á jókòó ti ọmọ náà kí ọlidé tó dé, á bi í ní ìbéèrè.

"Ó ní tí Fèyí bá sọ̀rọ̀ níwájú ọ̀gá, wọ́n á mú un," ó ní. "Tó bá ń wo ilẹ̀, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Daddy, ọmọ yìí máa wo ilẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ."

Mo pe Fèyí. Ó wá, ó kúnlẹ̀, ó ń wo sìmẹ́ǹtì.

"Kí ló dé tí o kì í dá tísà lóhùn?"

"Daddy, Mísì máa ń ṣe àṣìṣe lórí bọ́ọ̀dù. Mummy ní kí n má sọ fún àgbà pé ó ṣe àṣìṣe."

"Kí lo wá máa ń ṣe?"

"Mo máa ń dúró dè é kó rí i fúnra ẹ̀." Ó ronú díẹ̀. "Ó máa ń pẹ́, sà."

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn bàbá wa sọ, àwa kan náà la sì ń sọ fún ọmọ pé kó dákẹ́ tí àgbà bá ń sọ̀rọ̀. A kọ́ wọn ní èkejì dáadáa. A gbàgbé èkíní sí Nàìjíríà.

Wòlíì pe àwọn àgbà jọ ní yàrá lẹ́sìnnì. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n jíròrò ni àdúrà yẹn. Ṣé ó ti wọlé? Ṣé a lè dá a padà? Alàgbà físíìsì ní àdúrà ò yàtọ̀ sí bọ́ọ̀lù, èyí tí a jù sókè lè má tíì balẹ̀. Wọ́n fẹnu kò pé kí gbogbo wa gbààwẹ̀ ìdajì ọjọ́ láti tako ohun tí àwa fúnra wa ṣe àmín sí. Láyé mi, èmi ò tíì rí irú rẹ̀ rí: ìjọ kan dojú ìjà kọ àdúrà ara rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Wòlíì wá sọ pé àdúrà nìkan ò lè ṣe é, kí a kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń bá àgbà jiyàn.

Ìyá Ìjọ dìde. "Wòlíì, mo fẹ́ gbọ́ ọ dáadáa. Ẹ fẹ́ máa kọ́ ọmọ ní àfojúdi nínú ilé Ọlọ́run?"

"Yàrá ẹ̀yìn ni, Mummy."

"Ọlọ́run kì í dé yàrá ẹ̀yìn?"

Alàgbà físíìsì dá sí i. "Mummy, àwọn ọmọ òyìnbó ti ń bá bàbá wọn jiyàn lórí ìrẹsì láti ìgbà tí wọ́n ti lè jókòó. Kí wọ́n tó dé iwájú ọ̀gá, wọ́n ti mọ iṣẹ́ náà. Àwọn tiwa á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibi tí wọ́n máa kó ojú sí."

"Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà," Ìyá Ìjọ bẹ̀rẹ̀.

"Kò lè ní àkísà bí àgbà, a mọ̀, mà," Wòlíì ní. "Ṣùgbọ́n ìdánwò aṣọ ni wọ́n fẹ́ ṣe fún wọn níbí yìí, wọn ò béèrè àkísà."

Wọ́n fà á síbí, wọ́n fà á sọ́hùn-ún, títí Wòlíì fi gbé òfin kan kalẹ̀ tó tẹ́ gbogbo wa lọ́rùn. Ó ní bàtà ni yóò máa pín in. Tí bàtà bá wà lẹ́sẹ̀ ọmọ, kó wo àgbà lójú, kó sọ ohun tó mọ̀. Tó bá ti bọ́ bàtà láti wọ inú ìjọ, kó padà di ọmọ Yorùbá, kó kúnlẹ̀, kó dákẹ́. Ìyá Ìjọ ní òun gbà, ṣùgbọ́n òun ò ní wá wò ó.

Ẹ ò bá wà níbẹ̀ ní Sátidé àkọ́kọ́! Iṣẹ́ àwa àgbà ni láti sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọmọ ni láti tako wá. Wòlíì dúró níwájú, ó ní oòrùn máa ń yọ ní ìwọ̀-oòrùn. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ó ní Woolwich wà ní ilẹ̀ Faransé. Ọmọ kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbá a nígbọ̀nwọ́. Àwọn ìyá tó wà lẹ́yìn, tí wọn kì í sábà lajú, la ojú lọ́jọ́ náà, ojú wọn sì ń sọ fún àwọn ọmọ pé: gbìyànjú ẹ̀ wò.

Wòlíì kọjú sí Fèyí. "Ìwọ, ẹẹ́jọ lọ́nà méje jẹ́ mẹ́rìnléláàádọ́ta. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Fèyí kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú sà, ẹ dákun sà, irọ́ lẹ pa."

Ìyá rẹ̀ ti dìde láti gbá a létí kó tó rántí pé òun ló bẹ̀bẹ̀ fún lẹ́sìnnì náà. Ó jókòó padà, ó fi ọwọ́ méjèèjì sí abẹ́ itan, ó jókòó lé wọn.

"Má kúnlẹ̀!" Wòlíì ní. "Má bẹ̀ mí! Má sì pè é ní irọ́. Dúró, wò mí lójú, sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, kí o sọ ìdí."

Wọ́n lò tó ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lórí wíwo ojú nìkan. Àwọn ọmọ kan á wo etí wa, àwọn kan á wo iwájú orí. Ọmọkùnrin kan tètè mọ̀ ọ́n, ó wò mí lójú, ó ní, "Uncle, that don't make sense, innit," ẹ̀jẹ̀ mi gbóná kí n tó rántí pé máàkì ló yẹ kí n fún un. Díẹ̀díẹ̀, Fèyí ń gbé orí sókè. Ohùn rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó ń jáde. Ohun tí a kò mọ̀ ni iye ohun tó wà lẹ́yìn ohùn náà.

Ọjọ́ ìkórè àwọn ọmọdé ni a mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ò mọ ìkórè ọmọdé bí a ṣe ń ṣe é nígbà náà. Àwọn ọmọ á wọ sùtánà funfun, wọ́n á gbé ápù àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọlé, àwọn kékeré á ti jẹ nínú tiwọn kí wọ́n tó dé iwájú pẹpẹ. Wòlíì á máa ríran fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ló sì máa ń rí bíi dókítà. Tí gbogbo ìran yẹn bá ṣẹ, kò yẹ kí aláìsàn kankan kù ní Thamesmead.

Lọ́dún yẹn, hítà bàjẹ́. Yìnyín wà níta, sìmẹ́ǹtì ń ta bí agbọ́n. Wòlíì ṣàánú wa, ó ní kí a wọ ìbọ̀sẹ̀. Kò mọ̀ pé òun ti ṣí ilẹ̀kùn kan sílẹ̀. Ó ń wàásù lórí Mètúsélà, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní Ọlọ́run fẹ́ràn bàbá náà tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn ìkún-omi, ó jókòó sórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó ń súre fún àwọn ọmọ-ọmọ Nóà.

Fèyí na ọwọ́ sókè.

Ìyá rẹ̀ fa ọwọ́ náà wálẹ̀. Ó tún nà á. "Ìbọ̀sẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ mi, sà," ó ní. "N kò mọ̀ bóyá ó jẹ́ bàtà."

Wòlíì, ọkùnrin jẹ́jẹ́, ní kó sọ̀rọ̀.

"Mo kà á nínú Bíbélì, sà. Ọjọ́ orí Mètúsélà nígbà tó bí Lámékì, ẹ fi ọjọ́ orí Lámékì nígbà tó bí Nóà kún un, ẹ fi ọjọ́ orí Nóà nígbà tí òjò dé kún un. Ó jẹ́ iye ọdún tí Mètúsélà lò láyé gẹ́lẹ́. Ọdún tí ìkún-omi dé ló kú, sà. Kò lè jókòó sórí ilẹ̀ gbígbẹ." Ó wo Wòlíì lójú kòrókòró. "Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó kú kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ni, àbí Nóà ò jẹ́ kí bàbá-bàbá ẹ̀ wọlé."

Mo gbọ́ tí Alàgbà físíìsì ń ṣí Bíbélì rẹ̀, ewé lórí ewé. Ó ń fi ìka ṣírò. Ó dúró. Ó pa Bíbélì dé jẹ́jẹ́, ó gbé ojú sókè wo òrùlé.

"A ó gbàdúrà sí i," Wòlíì ní, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin.

Lẹ́yìn ìsìn, Ìyá Ìjọ dúró sẹ́nu ọ̀nà dè wá. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ! Láti òní lọ, ìbọ̀sẹ̀ kì í ṣe bàtà. Ẹni tó bá wà nínú ìbọ̀sẹ̀ lásán, kó pa ẹnu dé!" Gbogbo ọmọ gbọ́, Fèyí sì wà lára wọn. Ṣùgbọ́n Wòlíì fà mí sẹ́yìn òpó, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Daddy, láti kékeré ni mo ti ń ka orí yẹn. N kò rò wọ́n pọ̀ rí. Ọmọ wo ni wọ́n fi sẹ́yìn Ehoro yìí?"

Ọjọ́ ọ̀gá ilé ìwé pé. Mummy Fèyí ní kí n bá òun lọ, nítorí tí òun bá nìkan lọ, òun á sunkún. Òjò ti rọ̀, àwọn ọmọ ti ń ṣeré ní pápá, ẹrẹ̀ wà lára bàtà Fèyí títí dé kókósẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì tuntun wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá. Akọ̀wé fi ẹ̀rín músẹ́ ní kí ọmọ bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Ó bọ́ ọ. Èmi àti ìyá rẹ̀ nu tiwa mọ́ aṣọ ẹnu ọ̀nà, a wọlé. A ò ronú kàn án.

Ọ̀gá ilé ìwé jẹ́ obìnrin gíga tó ní irun funfun, ó sì fara balẹ̀. "Fèyí, mo gbọ́ pé o fẹ́ràn ìṣirò."

Fèyí kúnlẹ̀ díẹ̀, ó jókòó, ó ń wo kápẹ́ẹ̀tì.

"Jẹ́ kí n bi ọ́ ní nǹkan kan. Tí ènìyàn mẹ́ta bá kun ilé kan ní ọjọ́ mẹ́fà, ọjọ́ mélòó ni ènìyàn mẹ́sàn-án máa fi kùn ún?"

Ó dákẹ́ rọ́rọ́. Ọ̀gá tún ìbéèrè náà sọ, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Fèyí ṣì ń wo kápẹ́ẹ̀tì. Mo rí i tí obìnrin náà ń múra ẹ̀rín àánú tó fẹ́ fi parí ọ̀rọ̀. Mummy Fèyí di apá àga mú. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ funfun méjèèjì. Ó fi ọwọ́ lu orí.

"Yéè! Fèyí! Lọ wọ bàtà ẹ!"

"Mà?" ọ̀gá ní.

"Oyá, bàtà! Ẹ má bínú, mà, it's our church."

Fèyí jáde, ó wọ bàtà ẹlẹ́rẹ̀ náà, ó rìn padà lórí kápẹ́ẹ̀tì tuntun, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń ya àwòrán tirẹ̀ sílẹ̀. Ó jókòó. Ó gbé ojú sókè, ó wo ọ̀gá ilé ìwé bí ìgbà tí adájọ́ bá ń wo lọ́yà.

"Ọjọ́ méjì, Mísì. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yín ò pé. Ẹ ò sọ iye àkàbà tí wọ́n ní. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹnì kan á máa kùn, àwọn mẹ́jọ á máa wò ó. Mo ti rí wọn ní Harrow Manorway."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín láìmọ̀. Ó bi í ní òmíràn, ó dáhùn. Ó bi í ní èyí tó le, ó dáhùn, ó sì sọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n lè gbà ṣe é. Obìnrin náà fa àga súnmọ́ ọn. Èmi àti ìyá ọmọ ò mí. Níkẹyìn ó ní, "Fèyí, ṣé ìwọ náà ní ìbéèrè kankan?"

Ìbéèrè kì í jẹ́ kí ẹni ó ṣìnà. Ṣùgbọ́n ó lè dí ẹlòmíì lọ́nà.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mísì. Gbogbo àwa tí a wà ní tábìlì Ìjàpá, irun wa jọra. Ṣé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni?"

Ìyá rẹ̀ pa ojú dé. Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀. Awọ ọrùn rẹ̀ pọ́n.

"Rárá," ó ní. "A ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é."

"Ó dáa," Fèyí ní. "Nígbà náà, àṣìṣe ni. Ẹ lè tún un ṣe."

Wọ́n mú un sí kíláàsì ìṣirò náà. Kí n má purọ́, kì í ṣe òun nìkan: wọ́n tún gbogbo ọmọ tábìlì Ìjàpá wò, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, wọ́n sì rí i pé kò yẹ kí àwọn kan nínú wọn wà níbẹ̀. Àwọn kan ò gòkè. Ó yẹ kí n sọ ìyẹn náà. Mo sì máa ń ronú nípa àwọn tó ti jókòó síbẹ̀ ṣáájú wọn, tí wọ́n ti jáde, tí wọ́n ti dàgbà, tí wọ́n ń wo ilẹ̀. Wọ́n pa orúkọ ẹranko rẹ́, wọ́n fi àwọ̀ sọ tábìlì lórúkọ. Mummy Fèyí bínú sí ìyẹn. "Àwọ̀ búlúù!" ó ní. "Kí ni búlúù lè kọ́ ọmọ? Ṣebí wọn ì bá kàn sọ fún wọn ẹni tí Ìjàpá jẹ́."

Fèyí ṣe ìdánwò yẹn, ó sì yege. Kó tó kúrò ní ilé ìwé náà, ọ̀gá ránṣẹ́ sí Mummy Fèyí. Ó ní òun gbọ́ nípa lẹ́sìnnì wa, ṣé ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà lè wá bá kíláàsì ṣe irú rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ tó dákẹ́ ṣì kù. Wòlíì ni a rán. Ó wọ kóòtù àti táì, ó fi òróró pa orí. Nígbà tó padà dé, mo ní kó sọ ọ́ fún mi bó ṣe rí, kó má fi nǹkan kan pamọ́. Ohun tó sọ rèé:

"Daddy, ìkookò ni àwọn ọmọ yẹn. Mo ní oòrùn ń yọ ní ìwọ̀-oòrùn, wọ́n jẹ mí lójú ẹsẹ̀. Mo ní Woolwich wà ní Faransé, ọmọ kékeré kan tí eyín iwájú ẹ̀ ti yọ ní kí n lọ tún ìwé kà. Inú mi ń dùn, mo ní, iṣẹ́ ń lọ. Mo wá ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa Jónà kí ọkàn wọn balẹ̀. Mo ní àbùùbùtán, ẹja tó tóbi jù lọ nínú òkun. Daddy, ilé wó! 'Kì í ṣe ẹja!' Wọ́n ń lu tábìlì. 'Ó ń fún ọmọ lọ́mú!' Mo ní ẹja ni. Wọ́n ní rárá. Mo ní ẹja tó wà nínú omi, kí lẹ fẹ́ kó jẹ́, ewúrẹ́? Wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín, òógùn ń ṣàn gba inú táì mi. Fèyí bá dìde. Ó dúró láàárín kíláàsì, ó ní kí gbogbo wọn dákẹ́. Wọ́n dákẹ́, Daddy! Ó ní, 'Daddy wa mọ̀ pé kì í ṣe ẹja. Ó ń dán yín wò ni. Iṣẹ́ tí wọ́n pè é wá ṣe nìyẹn.' Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún mi. Tísà náà pàtẹ́wọ́. Fèyí sìn mí dé gééètì. Mo ní, 'Fèyí, má jẹ̀ẹ́ kí n tàn ọ́. N kò dán wọn wò o. Ẹja ni mo rò pé ó jẹ́.' Ọmọ náà wò mí lójú, kò ṣẹ́jú. Ó ní, 'Mo mọ̀, sà.' Ó wá kúnlẹ̀ síbẹ̀, tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀, lójú gbogbo wọn tó ń wò wá láti fèrèsé, ó ní ó dàbọ̀."